Ìpè Wa Kì Í Ṣe fún Ara Wa Nìkan

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá, ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí, nítorí ó kan ìjọ ìlú àti ìjọ oko bákan náà. Ọ̀ràn náà ni èyí: nígbà tí Ọlọ́run bá pe ènìyàn, kí ni ó pè é sí? Ṣé kí ènìyàn náà lè dára sí i nínú ara rẹ̀ ni, tàbí kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn? Ọ̀pọ̀ ni yóò dáhùn pé méjèèjì ni, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìgbésí ayé wa dáadáa, a ó rí i pé èkínní ni a ń fi gbogbo agbára lépa. Èkejì, ìyókù agbára ni a fi ń ṣe é, bí ìyókù bá wà.

Ẹ gbọ́ bí a ti ń jẹ́rìí nínú ilé Ọlọ́run. Ọkùnrin kan yóò dìde, yóò ní òun ti ń mu ọtí tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun kò mu ún mọ́. Yóò ní ìbínú òun ti dínkù, òun ń ka Bíbélì ní òròòwúrọ̀, Ọlọ́run ti gbé òun ga níbi iṣẹ́, ọmọ òun sì ti jáde ní yunifásítì. Ohun rere ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ojú tín-ín-rín wo ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọtí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ẹ̀rí náà, ilé kan ṣoṣo ni ó jèrè. Bí a bá bi aládùúgbò ọkùnrin náà léèrè pé, “Kí ni ó yí padà fún ìwọ láti ìgbà tí ẹni yìí ti gba Olúwa gbọ́?” bóyá kò ní rí ohun kan sọ ju pé ariwo ilé kejì ti rọlẹ̀ lọ.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀ràn yìí ti wá. Nígbà tí ìhìnrere dé ilẹ̀ wa, ìwé kíkà ni ó bá rìn. Ẹni tí ó wá gba ẹ̀kọ́ ìtẹ̀bọmi kọ́ ìwé pẹ̀lú. Ẹni tí ó mọ ìwé di olùkọ́ tàbí akọ̀wé, ó wọ aṣọ tí ó mọ́, ó kọ́ ilé onípáànù, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn baba wa rí gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní ọ̀làjú. Ọ̀rọ̀ dídára ni, nítorí ẹni tí ojú rẹ̀ là ni ó lè rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ohun tí ojú tí ó là náà ń wò. Bí ó bá jẹ́ pé inú jígí nìkan ni ó ń wò láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó ń yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ti dára sí i ju àná lọ, ojú náà là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹnikẹ́ni.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ta ko ohun tí a ń sọ yìí. Wọn yóò ní, “Ṣé kì í ṣe ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde? Ẹ jẹ́ kí a tún ara wa ṣe ná. Nígbà tí a bá dára tán, a ó rántí ẹlòmíràn.” Wọn yóò sì fi kún un pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Òwe àwọn baba wa ni méjèèjì, a kò sì lè sọ pé wọn kì í ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pa òwe náà dé òpin rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́, òde ni a sì ń kó o rè. Ẹni tí ó ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ láti àárọ̀, tí kò jáde títí ilẹ̀ fi ṣú, ta ni ó ṣe é fún? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti aṣọ. Ìdí rẹ̀ tí a fi ń wo ọrùn ẹni náà ni pé ó ti ṣèlérí láti dá aṣọ fún ẹlòmíràn. Bí kò bá ní i lọ́kàn láti dá aṣọ fún ẹnikẹ́ni, ohun tí ó wà ní ọrùn rẹ̀ kò kan aráyé.

Bíbélì Mímọ́ fi ọ̀nà kan náà hàn wá. Ní orí kẹfà ìwé Wòlíì Aísáyà, wòlíì náà rí ògo Olúwa, ẹ̀rù bà á nítorí ètè rẹ̀ tí kò mọ́, áńgẹ́lì sì fi ẹ̀yín iná láti orí pẹpẹ kan ètè náà, ó sì di mímọ́. Bí ìwé náà bá parí síbẹ̀, ìtàn ẹni tí a tún ṣe ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ohùn Olúwa béèrè ẹni tí òun yóò rán. Ètè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ mọ́ ni ó dáhùn. Nítorí iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í jẹ́ ni a ṣe wẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni ìyá aya Pétérù: nígbà tí Olúwa wo ibà rẹ̀ sàn, ó dìde, ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún àwọn tí ó wà nínú ilé. Ní ọ̀nà kejì, ẹ rántí Farisí tí ó lọ gbàdúrà nínú tẹ́ḿpìlì. Kò parọ́ nípa ààwẹ̀ rẹ̀ tàbí ìdámẹ́wàá rẹ̀. Ìtúnṣe ara rẹ̀ ti jinlẹ̀, ó sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbowó-òde tí ó dúró ní òkèèrè, àpẹẹrẹ ẹni tí òun sàn jù lọ ni ó kà á sí. Kò rí i bí arákùnrin.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín tí ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀. Ní 1875 ni iṣẹ́ ìhìnrere ti C.M.S. bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, ní 1877 sì ni Charles Phillips, ọmọ Yorùbá, dé síbẹ̀ láti máa sìn. Ọdún náà gan-an ni ogun tí a ń pè ní Kírìjì bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Ìbàdàn wà ní apá kan; Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà jẹ́ olórí ogun wọn, wà ní apá kejì. Ìró ìbọn ni ó fún ogun náà ní orúkọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó kọjá kí ibùdó ogun náà tó tú ká pátápátá ní 1893. Ọmọ tí a bí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ru ìbọn kí ó tó parí.

Oǹdó kọ́ ni ó ń ja ogun yìí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i. Ọ̀nà ìlà-oòrùn tí ó ti Èkó wá, tí ó sì gba ilẹ̀ Oǹdó kọjá, ni ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà dé ọ̀dọ̀ Èkìtì Parapọ̀. Ìjọ Oǹdó ṣì kéré nígbà náà. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ pọ̀ tó fún ọkùnrin kan: ẹ̀kọ́ ìtẹ̀bọmi wà, ilé-ẹ̀kọ́ wà, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí Phillips bá wí pé, “Èmi kì í ṣe ará Ìbàdàn, èmi kì í ṣe ará Èkìtì, ọ̀ràn ọba àti ti ogun kò kàn mí, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ọkàn mi àti ọkàn àwọn ènìyàn mi,” kò sí ẹni tí ìbá dá a lẹ́bi. Àwọn ìjọ rẹ̀ ìbá máa dàgbà nínú ìwà mímọ́ lẹ́bàá ọ̀nà tí ohun ìjà ń gbà kọjá.

Ní 1886, nígbà tí Gómìnà Moloney ní Èkó ń wá ẹni tí ìhà méjèèjì yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, àlùfáà méjì ni ó bẹ̀ níṣẹ́. Èkínní ni Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èkejì ni Phillips ti Oǹdó. Johnson mú ọ̀rọ̀ àlàáfíà tọ Aláàfin àti àwọn ará Ìbàdàn lọ. Phillips mú un tọ àwọn ti ìhà Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lọ. Wọn kò ní ọmọ-ogun lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n ní ni pé àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n sí ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà lójú ọ̀nà. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni a ṣe ìwé àdéhùn. Ní oṣù kẹsàn-án ni a kéde àlàáfíà ní ibùdó ogun.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Èkínní ni pé ìwà rere Phillips kò ṣòfò nílé. Bí ó bá jẹ́ onírọ́, tàbí ẹni tí ojú ń kán, tàbí ẹni tí a lè fi ẹ̀bùn yí lọ́kàn padà, kò sí balógun kan tí ìbá fetí sí i. Ìtúnṣe ara ẹni ni irinṣẹ́ tí ó mú lọ sí ibi iṣẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ kan náà ni irinṣẹ́ sì ti ń mú sí i. Ọkọ́ tí a fi ń roko ni ó máa ń dán. Èyí tí a fi há àjà kí ó má baà gbó, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń wá sùúrù nínú yàrá àdúrà rẹ̀ nìkan yóò ní sùúrù títí di ìgbà tí ẹnìkan yóò kan ilẹ̀kùn.

Èkejì ni pé ẹni tí a rán kì í sábà rí òpin iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti fẹ́. Àdéhùn 1886 kò mú gbogbo ọ̀ràn tán. Ogun tí Ìbàdàn àti Ìlọrin ń jà ní Ọ̀fà kò tíì parí, aáwọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sì wà níbẹ̀. Ọdún méje mìíràn ni ó kọjá kí ogun tó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ńlá wà. Ẹni tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe lè ka èrè rẹ̀ lójoojúmọ́: orí Bíbélì mélòó ni mo kà, ọjọ́ mélòó ni mo ti gbààwẹ̀, ìwé-ẹ̀rí mélòó ni mo ti gbà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lè ṣe é fún ọdún púpọ̀ kí ó má ní ohun tí yóò kà. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi yan ti èkínní. A yà Phillips sí mímọ́ ní Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, ọdún tí ibùdó ogun tú ká, ó sì sìn títí ó fi kú ní 1906. Ṣùgbọ́n ní 1886 kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un pé bí yóò ti rí nìyẹn.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Àlùfáà ni Phillips, àwa kì í ṣe àlùfáà.” Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun. William Wilberforce jẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọkàn rẹ̀ yí padà sí Ọlọ́run ní 1785. Ó rò ó bóyá kí òun fi iṣẹ́ ìlú sílẹ̀, kí òun sì máa tọ́jú ìwà mímọ́ òun. Ó lọ gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ John Newton, àlùfáà tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú rí. Newton gbà á níyànjú pé kí ó dúró sí ibi tí ó wà. Ó dúró. Ní 1807, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, a ṣe òfin tí ó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1822 ọkọ̀ ojú omi wọn gba ọkọ̀ ẹrú kan lójú òkun, ọmọkùnrin kan tí a kó ní Òṣogùn sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Òun ni ó di olórí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ẹ jẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa ronú pé bí Wilberforce bá ti yàn láti di ẹni mímọ́ fún ara rẹ̀ nìkan, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà.

Ní àárín wa níhìn-ín pẹ̀lú, nígbà tí a dá Dáyósíìsì Àkúrẹ́ sílẹ̀ ní 1983, Emmanuel Gbonigi ni Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1993, nígbà tí ìjọba ológun ti fagi lé ìbò oṣù kẹfà, tí ọ̀pọ̀ sì ń fi ẹnu mọ́, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba. Àkókò náà kì í ṣe àkókò tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ewu. Àdúrà inú ilé ìbá rọrùn jù.

Ṣùgbọ́n a kò kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí àwọn ẹni ńlá. Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọjà. Obìnrin onígbàgbọ́ kan ń ta ìrẹsì ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Kò tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọlé, kò sì fi ọwọ́ gba orí rẹ̀ lọ́nà àrékérekè. Ó ti tún ara rẹ̀ ṣe, Olúwa yóò sì bùkún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo ìsọ̀ máa lo kóńgò tí a ti tẹ̀ wọlé. Bí ó bá dákẹ́, tí ó lọ ń lo èyí tí ó pé ní ìsọ̀ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dìde, tí ó wí pé, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bínú, opó àti aláìní ni a ó jà lólè,” nígbà náà ni ó di ẹni tí a pè. A mọ ohun tí ó lè ná an. Wọ́n lè lé e ní ẹgbẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọwọ́ mímọ́ àti ìpè ni iye owó náà.

Tàbí ẹ wo inú ẹbí. Ọkùnrin kan kú, ó fi aya àti ọmọ kékeré sílẹ̀, àwọn ìyekan rẹ̀ sì ń bọ̀ wá pín ilé àti oko kòkó. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni ìjọ wa. Ó ní òun kò ní mú nínú rẹ̀, kò sì mú. Ó jókòó sí ìpàdé ẹbí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò la ẹnu. Nígbà tí ó délé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó pa òun mọ́ kúrò nínú ojúkòkòrò. Ará, opó náà sùn síta ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àdúrà ọpẹ́ arákùnrin wa kò fi òrùlé bò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ńkọ́? Nígbà tí a ṣí Ondo Boys' High School ní 1919, tí M. C. Adeyemi sì jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀, kì í ṣe kí àwọn ọmọ díẹ̀ lè di ọlọ́lá nìkan ni a ṣe ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wọ inú ọmọ kan yẹ kí ó ti inú rẹ̀ jáde sí ọmọ mìíràn. Lóde òní olùkọ́ kan lè gba ìwé-ẹ̀rí lé ìwé-ẹ̀rí, kí ó máa lọ sí ìpàdé àdúrà ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́rú, kí ọmọ mẹ́wàá sì wà ní ìlà ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ tí wọn kò mọ ìwé kà. A kò sọ pé kí ó má gba ìwé-ẹ̀rí. A ní kí ó béèrè ohun tí ìwé-ẹ̀rí náà ti ṣe fún ìlà ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ oko, tí ó ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n dá òun padà sí ìlú, kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá ibẹ̀ kọ́ ni Olúwa rán an sí.

Ó tọ́ kí a fi ìkìlọ̀ kan kún un. Àwọn kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ òde sá fún ara wọn. Wọ́n wà nínú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n ń parí ìjà àwọn aládùúgbò, aya wọn ń sunkún nílé, owó ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn kò sì pé. Kì í ṣe irú wọn ni a ń yìn. Ẹni tí kò jẹ́ kí ẹ̀yín iná Olúwa kan ètè òun, kò yẹ kí ó sáré jáde láti jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ti púpọ̀ nínú wa kọ́ nìyí. Ètè wa ti mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, a ṣì jókòó nínú tẹ́ḿpìlì, a ń retí kí a tún kan ètè náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ ìpè rẹ̀? Kì í sábà wá pẹ̀lú àlá tàbí ohùn láti òkè. Phillips rí tirẹ̀ nínú iṣẹ́ tí Gómìnà bẹ̀ ẹ́. Wilberforce rí tirẹ̀ nínú àga tí ó ti jókòó sí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣe ẹni tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ti fi sí yín lọ́wọ́. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, tí ẹ sì rí i pé yóò ná yín ní nǹkan, ẹ má ṣe yára wí pé kì í ṣe ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá kúnlẹ̀ ní alẹ́ láti yẹ ara yín wò gẹ́gẹ́ bí Ìjọ wa ti kọ́ wa, ẹ má ṣe dúró lórí ìbéèrè pé, “Kí ni mo fi dára sí i lónìí?” Ẹ bi ara yín pẹ̀lú pé, “Ta ni ó rí ìrànwọ́ lónìí nítorí pé onígbàgbọ́ ni mí?” Bí ẹ bá rí orúkọ ènìyàn kan dá, ẹ dúpẹ́. Bí ẹ kò bá rí, ọ̀la ń bọ̀, aládùúgbò yín yóò sì tún wà níbẹ̀. Kí Olúwa tí ó wẹ̀ wá mọ́ kí ó rán wa, kí ó sì mú kí ẹsẹ̀ wa yá láti lọ. Àmín.